Ìyẹ́ Abẹ́ Ni Kí Ẹ Wò

Àwọn baba wa ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀líírí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì lè jọra kí ìwà wọn má jọra rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eéṣú rí.

Ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Mauritania títí dé Sudan, eéṣú ńlá méjì wà tí ojú kì í tètè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni eéṣú aṣálẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Schistocerca gregaria. Èkejì ni eéṣú igi, Anacridium melanorhodon. Àwọn méjèèjì gùn bí ìka ọwọ́, àwọ̀ wọn sì lè dà bí ti iyanrìn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ mú ọ̀kan lọ́wọ́. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní. Méjì tó wà lókè le díẹ̀, wọ́n sì ní àmì tótòòtó; àwọn ló fi ń bo ara. Méjì tó wà lábẹ́ fẹ́lẹ́, ó sì ká wọn jọ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ rọra tẹ́ ti abẹ́ yìí sílẹ̀. Bí ó bá mọ́ gaara, tàbí tó pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ìlà dúdú, eéṣú aṣálẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó tẹ̀ bí ọrun nítòsí ìdí ìyẹ́ náà, eéṣú igi ni.

Èwo ni tiwa nínú èyí? Eéṣú igi fẹ́ràn àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún. Ṣùgbọ́n agbo eéṣú aṣálẹ̀ tó gba kìlómítà kan níbùú lóròó lè tó 80 mílíọ̀nù, oúnjẹ 35,000 ènìyàn ni wọ́n sì lè jẹ lóòjọ́. Ní 2020, wọ́n bo oko ní Kenya, Ethiopia àti Somalia. Bí amí bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, òògùn lè ṣòfò lórí èyí tí kò yẹ, tàbí kí agbo gidi ráyè dé orí ọkà àgbẹ̀.

Ẹ rántí pé àgbà eéṣú nìkan ni àmì yìí wà fún, nítorí ìyẹ́ ọmọ eéṣú kò tíì dàgbà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sáré dé tó ní, “Eéṣú aṣálẹ̀ ti dé!” ẹ bi í léèrè pé, ṣé ó ti tẹ́ ìyẹ́ abẹ́ wò?