Fífi Ẹ̀dọ̀ Tọrẹ: Ẹ̀gbẹ́ Wo Ni Kí Abẹ Mú?

Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni dókítà ń gbé abẹ sí lára. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ láàrin alààyè méjì, ènìyàn méjì ni wọ́n ń gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ kan náà: aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àti ẹnì kan tí àrùn kankan kò ṣe, tí ó gbà kí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ fún un. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ àgbáyé ti ń jiyàn lórí ọ̀nà tí ó dára jù láti gé ẹ̀dọ̀ náà. Ẹni tí ó bá fetí sí àríyànjiyàn náà dáadáa yóò rí i pé ìbéèrè kan ni ó wà nídìí rẹ̀: báwo ni ó ti yẹ kí wọ́n pín ewu láàrin ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà?

Ìdí tí ẹ̀dọ̀ fi ṣeé pín

Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà wọ̀n tó bíi kílò kan sí kílò kan àbọ̀. Òun ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú ìfun bọ̀. Òun ni ó ń pèsè òróòro tí ń da ọ̀rá inú oúnjẹ. Òun náà ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè wà láàyè láìní i.

Ohun méjì ni ó mú kí ó ṣeé pín. Èkíní ni pé ó máa ń hù padà. Bí wọ́n bá gé ju ìlàjì rẹ̀ lọ, èyí tí ó kù yóò máa dàgbà fún oṣù díẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ Claude Couinaud, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó fi hàn ní ọdún 1957 pé ìpín mẹ́jọ ni ẹ̀dọ̀ ní, àti pé ìpín kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un àti ọ̀nà tí òróòro rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá mọ ààlà àwọn ìpín wọ̀nyí lè gé apá kan láìba ìyókù jẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ó tóbi jù. Ó tó nǹkan bí 60 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹ̀dọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ìyókù, ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni ìpín kékeré kan sì wà tí ó tó bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀dọ̀.

Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní

Thomas Starzl ni ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ènìyàn, ní Denver, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 1963. Ara òkú ni wọ́n ti mú ẹ̀dọ̀ náà wá, ọmọ tí wọ́n ṣe é fún kò sì dìde. Ọdún 1967 ni iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí yọrí sí rere. Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ òkú tí ó kéré tó fún ọmọdé ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń kú níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, Silvano Raia ní São Paulo, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, gé lára ẹ̀dọ̀ alààyè fún ọmọdé. Ẹni tí ó fúnni yè, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò pẹ́ kú. Ní oṣù Keje ọdún 1989, Russell Strong ní Brisbane, ní ilẹ̀ Australia, gé lára ẹ̀dọ̀ obìnrin ará Japan kan fún ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́tàdínlógún. Ti ọ̀tẹ̀ yìí kẹ́sẹ járí.

Nígbà tí Christoph Broelsch bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Chicago ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé lára òbí. Wọ́n rí i láìpẹ́ pé ìyà náà pọ̀ jù fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà wọ́n dín in kù sí ìpín kékeré tí ó wà ní ìpẹ̀kun òsì nìkan. Èyí tó ọmọdé, ó sì fi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún sílẹ̀ fún òbí. Ní ti àwọn ọmọ kékeré, orí ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fìdí kalẹ̀ sí.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni kò rọrùn. Ní ilẹ̀ Japan, ọdún 1997 ni òfin tó fàyè gba gbígba irú ẹ̀yà ara bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ṣáájú ìgbà náà, alààyè ni àwọn dókítà ibẹ̀ ń gbójú lé. Ní ọdún 1993, Masatoshi Makuuchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Matsumoto fi ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ̀dọ̀ gba ẹ̀mí àgbàlagbà là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ni ẹ̀gbẹ́ òsì tó.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń tẹ̀ lé ni pé ẹ̀dọ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ tó 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹni tí ń gbà á. Ẹni tí ó bá wọ̀n kílò 60 nílò bíi gíráàmù 480. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú ìfun bọ̀ yóò ya lù ú ju agbára rẹ̀ lọ. Omi yóò máa kún ikùn aláìsàn, ẹyinjú rẹ̀ yóò pọ́n bí atare òun epo, ẹ̀dọ̀ náà sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí ni ó mú kí Fan Sheung-Tat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún àgbàlagbà ní ọdún 1996. Aláìsàn rí ẹ̀dọ̀ tí ó tó o, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́ta péré ni ó ń kù fún ẹni tí ó fúnni. Àwọn oníṣẹ́ abẹ gbà pé ohun tí yóò kù fún un kò gbọ́dọ̀ dín sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún; àwọn mìíràn tilẹ̀ ní 35. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹ̀gbẹ́ òsì lè má tó ẹni tí ń gbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sì lè pọ̀ jù fún ẹni tí ń fúnni.

Iṣan tí ó wà ní ààlà

Iṣan ńlá kan gba ààlà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá, tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ padà sí ọkàn. Ta ni kí ó ni ín? Ní Hong Kong, wọ́n gé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún aláìsàn. Ní Seoul, ní ilẹ̀ Korea, Lee Sung-Gyu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó fúnni. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ń sé mọ́ apá kan ẹ̀dọ̀ tí wọ́n gbìn, tí ó sì ń wú. Ní nǹkan bí ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rán iṣan mìíràn mọ́ àwọn iṣan kéékèèké ibẹ̀ bí afárá, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Ọgbọ́n yìí tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ní ọdún 2000, àwọn ará Seoul yìí kan náà gba ìpín kéékèèké lára ènìyàn méjì fún aláìsàn kan ṣoṣo. Ewu tí ó kan olúkúlùkù dín kù, ṣùgbọ́n ẹni alára líle méjì ni ó wá wà lábẹ́ abẹ nítorí ẹnì kan. Àwọn mìíràn, pàápàá ní ilẹ̀ Japan, padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Wọ́n ń dín agbára ẹ̀jẹ̀ tí ń ya wọ inú rẹ̀ kù nípa yíyọ ẹ̀yà ara kan tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì aláìsàn, tàbí nípa dídi iṣan tí ń bọ́ ọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ kékeré lè gbé ẹrù tí ìbá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìdí pàtàkì wà fún ìpadàsẹ́yìn yìí. Iye tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń kà ni pé nínú 1,000 ènìyàn tí wọ́n bá gé ẹ̀gbẹ́ òsì wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kú. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó mẹ́rin sí márùn-ún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, ọkùnrin kan ní New York fún arákùnrin rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ẹni tí ó fúnni náà kú. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ìpínlẹ̀ New York ṣe ìlànà pé àwọn kan gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ tí ire ẹni tí ń fúnni nìkan ni iṣẹ́ wọn, tí wọn kò sì ní ọwọ́ nínú ìtọ́jú aláìsàn.

Ojú ihò kékeré

Àríyànjiyàn kejì dá lórí bí wọ́n ti ń wọ inú ikùn. Ọ̀nà àtijọ́ ni láti la ikùn gbàràgàdà lábẹ́ ìhà. Ní ọdún 2002, Daniel Cherqui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Créteil, nítòsí Paris, kéde pé àwọn ti gé ìpín kékeré òsì lára òbí láti ojú ihò kéékèèké, tí kámẹ́rà ń fi inú ikùn hàn wọ́n. Ní ọdún 2012, Pier Giulianotti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago kọ ìròyìn bí wọ́n ti fi rọ́bọ́ọ̀tì gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ní Seoul àti ní Riyadh, iṣẹ́ báyìí ti di ohun tí wọ́n ń ṣe lemọ́lemọ́.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba: ìrora dín kù, àpá kò tóbi, ènìyàn sì tètè ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí ya lójijì, ọwọ́ dókítà kò tètè dé ibẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, ọdún púpọ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Lékè gbogbo rẹ̀, ojú ihò kékeré kò sọ ohun tí wọ́n gé nínú di kékeré. Ẹni tí wọ́n fi kámẹ́rà gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ pàdánù ẹ̀dọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àtikọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ abẹ wá fara mọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìpín tí ó kéré jù tí yóò tó aláìsàn, kí wọ́n tó na ọwọ́ sí èyí tí ó pọ̀. Bí ìwọ̀n kò bá bá ara mu, kí wọ́n wá ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n má ṣe é rárá.

Ṣùgbọ́n kí abẹ tó dé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹbí ni ó sábà máa ń fúnni: ọmọ fún bàbá, ọkọ fún aya, àbúrò fún ẹ̀gbọ́n. Níbi tí gbogbo ojú ẹbí bá ti wà lára ẹnì kan, ó ṣòro fún un láti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Àwọn ilé ìwòsàn tí ó mọ iṣẹ́ wọn ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ń bi í léèrè bí ó bá ti ọkàn rẹ̀ wá. Bí ó bá ní òun kò lè ṣe é, ohun tí dókítà máa sọ fún ẹbí kò ju pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá ti aláìsàn mu. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe padà sílé láìsí ẹ̀gàn, àṣírí rẹ̀ yóò sì bò.