Ìdínà Ìfun Kì í Ṣe Àìrígbẹ́yà

Bí ẹnì kan bá sọ ní Alékúwodò, l'Óṣogbo, pé òun kò rí ìgbẹ́ yà, ẹ̀fọ́ àti ọsàn ni wọn yóò ní kí ó jẹ. Ìmọ̀ràn náà dára fún àìrígbẹ́yà. Ní àwọn ọdún 1970, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Uganda, polongo fọ́nrán, èyíinì ni èròjà ewé àti èso tí kì í dà nínú ìfun. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ mú ìfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, tí ọ̀nà rẹ̀ fi há, ewu ni: fọ́nrán lè dí i pa.

Oúnjẹ rírọ̀, díẹ̀díẹ̀, ni ó yẹ onítọ̀hún: ògì, ìrẹsì funfun, ẹyin, ẹja. Kí ó fa omi ọsàn, kí ó tu ìyókù nù. Kí ó yẹra fún àgbàdo àti àgbọn. Bí inú bá ń lọ́ ọ, tí ó wú, tí ó ń bì, tí kò sì lè só, kí ó má jẹun, kí ó má lo oògùn ìyàgbẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ kíákíá.

Nítorí náà, a dábàá kí "àìrígbẹ́yà" dúró fún ìgbẹ́ líle tí kò yá, kí "ìdínà ìfun" sì dúró fún ọ̀nà tí ó dí. Olùtumọ̀ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa aláìsàn lára.