Níbo Ni Kọ̀ǹpútà Ń Kó Ọ̀rọ̀ Sí?

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ó ń tẹ iye owó tí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ dá. Ó kù díẹ̀ kó parí ni iná lọ. Nígbà tí iná dé, ó wá iṣẹ́ náà títí, kò rí i mọ́. Iṣẹ́ wákàtí 3 di òfo! Àwọn kan nínú wa ní ẹ̀rọ náà ló jẹ ẹ́. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ ti rí.

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ sí. Ẹ rántí kíláàsì ìwé kíkà wa. Olùkọ́ a máa kọ ọ̀rọ̀ sí ojú pátákó, àwa náà a sì dà á kọ sínú ìwé wa. Bí olùkọ́ bá nu pátákó, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ìwé wa ṣì wà níbẹ̀.

Pátákó kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè ní RAM. Ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kíkọ àti kíkà ibẹ̀ yá kánkán. Iná mànàmáná ni ẹfun ìkọ̀wé rẹ̀. Inú RAM pín sí yàrá kéékèèké tí ojú wa kò lè rí. Yàrá tí iná wà nínú rẹ̀ dúró fún 1. Èyí tí kò ní iná dúró fún 0. Irú àmì bẹ́ẹ̀ 8 ni à ń pè ní báìtì kan. Ó tó láti kọ lẹ́tà kan, bíi b.

Ṣùgbọ́n iná inú àwọn yàrá yìí a máa jò, bí omi inú ìkòkò tó ti sán. Kọ̀ǹpútà ní láti máa bù kún un ju ìgbà 10 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá lọ, kí ni yóò bù kún un? Pátákó di nínù nìyẹn.

Ìwé kọ̀ǹpútà ni ibi ìpamọ́ rẹ̀. Nínú àwọn kan, dísìkì tí ń yí bírí ni. Agbára òòfà ni a fi ń kọ àmì sí i, bí iná lọ, àmì kò ní parẹ́. Nínú àwọn mìíràn, àti nínú fóònù, kò sí ohun tí ń yí. Iná díẹ̀ ni a sé mọ́ inú yàrá tí kì í jò bọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1956, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ ìpamọ́ onídísìkì àkọ́kọ́ jáde. Dísìkì 50 ló wà nínú rẹ̀, ó sì tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Síbẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló gbà. Lónìí, káàdì fóònù tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ lè gba báìtì bílíọ̀nù 32.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà ń fi pamọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí á má gbójú lé e. Bí ẹ bá ti tẹ ìlà díẹ̀, ẹ tẹ ibi tí a kọ Save sí. Ẹ sì ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn, nítorí ibi ìpamọ́ pàápàá lè bàjẹ́, olè sì lè gbé e.

Akọ̀wé wa ti kọ́gbọ́n. Nísinsìnyí, bó bá ti tẹ orúkọ márùn-ún, a ó gbọ́ tí yóò máa sọ fún ara rẹ̀ pé, “Dà á kọ!”

Ìbéèrè
1. Kí ló fà á tí iṣẹ́ akọ̀wé fi sọnù?
2. Èwo ló dà bí pátákó nínú kọ̀ǹpútà? Èwo ló dà bí ìwé?
3. Kí nìdí tí ẹ̀dà kejì fi dára?