Ìsúnkì nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìsúnkì ni sísọ ọ̀rọ̀ méjì di ẹyọ kan nípa pípa ìró jẹ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, "do not" máa ń di "don't", "it is" sì máa ń di "it's". "Won't" ṣẹ̀ wá láti ara "woll not". "Woll" jẹ́ ẹ̀dà "will" láyé àtijọ́. Ní ọdún 1710, Jonathan Swift bẹnu àtẹ́ lu irú ìgékúrú báyìí nínú ìwé ìròyìn The Tatler, ṣùgbọ́n àṣà náà kò parẹ́.

Ìsúnkì kì í ṣe àṣìṣe. Yorùbá pàápàá ń sọ "wá ilé" di "wálé". Lẹ́nu àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn, òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá pe "I do not know" ní kíkún lè dà bí ẹni tó ń fi ìbínú tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Inú lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́ àti ìwé òfin ni ìlò kíkún ti yẹ jù.

Síbẹ̀, ìró "t" tó gbẹ̀yìn "can't" kì í sábà hàn ketekete lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lè fi bẹ́ẹ̀ kọ́ pe bẹ́ẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan oògùn tàbí owó, "cannot" ní kíkún ló dára jù.