Eré Ọmọ Ọdún Méjì ní Jẹ́léósinmi

Jẹ́léósinmi ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilẹ̀ wa, orúkọ náà sì fi ohun tí ó wà lọ́kàn òbí hàn: kí ọmọ kúrò nílé, kí ìyá rí ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ilé sì sinmi díẹ̀. N kò bá orúkọ náà jà. Ìyá tí ó ń pàtẹ ọsàn létí títì ní Fiditi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tàbí èyí tí ó ń ti Ilora lọ sí oko, kò lè máa sáré tẹ̀lé ọmọ ọdún méjì káàkiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ọmọ náà ń ṣe níbi tí a fi í sí nígbà tí ilé ń sinmi.

Ní ibi púpọ̀, jíjókòó ni ó ń jókòó. Ẹ ó bá ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀lé olùkọ́ pe ABC tí wọn kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Pàṣán wà lórí tábìlì fún ẹni tí ó bá mira. A kò lè dá olùkọ́ nìkan lẹ́bi. Òbí tí ó san owó ni ó ń béèrè nírọ̀lẹ́ pé kí ni ọmọ òun ti mọ̀, bí kò bá sì gbọ́ nǹkan kan, yóò ní owó òun ti ṣòfò. Olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé irú òbí bẹ́ẹ̀ lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn lọ́la.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ìjọba là sílẹ̀ nìyẹn. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1977, sọ ọ́ gbangba pé eré ni kí ó jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí a ó máa gbà kọ́ àwọn ọmọ tí kò tí ì tó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí di ọdún 2025, ohun tí ìjọba sì là sílẹ̀ ni pé èdè ìyá wọn tàbí èdè àdúgbò wọn ni kí a máa bá wọn sọ jù lọ. Ìlànà kan náà gba àwọn aládàáni níyànjú láti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, bóyá eré yóò wà tàbí kò ní sí, ọwọ́ olùdásílẹ̀ àti olùtọ́jú ọmọ ni ó kù sí.

Ṣùgbọ́n kí a tú àwọn ọmọ sí àgbàlá, kí a sì jókòó sábẹ́ igi kí a máa wo fóònù, èyí kì í ṣe ètò. Ẹni tí yóò ṣètò eré gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí ọmọ ọdún méjì jẹ́. Ó ń rìn, ó ń sáré, ó ń gun àga, ṣùgbọ́n kò tí ì mọ bí a ti ń dúró bí ó bá sáré dé etí kòtò. Ó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: “Màmá, omi”, “gbé mi”, “tèmi ni”. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ẹ ó gbọ́ jù. Ní ọdún 1932, onímọ̀ obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mildred Parten, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń ṣeré. Ó rí i pé àwọn tí ó kéré jù nínú wọn a máa ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìbá ara wọn ṣe é. Ọmọ méjì lè jókòó sínú yanrìn kan náà, kí ọ̀kan máa bu, kí èkejì máa bu, kí ẹnikẹ́ni má sì bi ẹnì kejì léèrè ohun tí ó ń ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ra bọ́ọ̀lù olówó iyebíye kan fún ọmọ 8. Ife ike 8 tí ó jọra ni yóò wá. Ìjà, ẹkún àti kí ọmọ máa gé ara wọn jẹ, tí a ń kà sí ìwà burúkú, àìtó ohun ìṣeré ni ó sábà máa ń fà á, tàbí ebi, tàbí oorun. Pàṣán kò wo ọ̀kan sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Iye ọmọ tí a kó lé ẹnì kan lọ́wọ́ náà wà nínú ètò. Ní ilẹ̀ England, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, òfin fi àyè gba kí olùtọ́jú kan mójú tó ọmọ ọdún méjì 5. Ọmọ 4 péré ni ṣáájú ìgbà náà. Mo mọ̀ pé owó tí òbí ń san ní Ilora kò lè gbé irú èyí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá kó ọmọ 25 fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣoṣo, ewu ni ó ń wá. Ó kéré tán, kí ènìyàn méjì wà, kí ìdajì ọmọ wà níta, kí ìdajì wà nínú ilé, kí wọ́n sì pààrọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì wà létí títì gbọ́dọ̀ ní ọgbà yíká àti ìlẹ̀kùn tí ọwọ́ ọmọ kò lè ṣí, kí a tó sọ̀rọ̀ eré rárá.

Ohun ìṣeré kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fiditi mọ ọsàn. Nígbà tí ọsàn bá pọ̀, ẹ ra agbọ̀n kan, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ dà wọ́n sórí ẹní. Ọmọ ọdún méjì yóò yí wọn, yóò lé wọn, yóò kó wọn sínú agbọ̀n, yóò sì dà wọ́n síta kí ó lè tún wọn kó. Ẹ má ṣe dá a dúró, nítorí kíkó àti dídà yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ náà. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti máa bá a sọ̀rọ̀: èyí tóbi, èyí kéré; èyí ti pọ́n, èyí kò tí ì pọ́n; gbé ọ̀kan fún Àjọkẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó bó díẹ̀, a ó yọ kóró rẹ̀, a ó sì fún wọn jẹ. Abẹ tí a fi ń bó ọsàn kò gbọdọ̀ wọ yàrá ọmọ; ilé ìdáná ni kí a ti bó o.

Omi ni ó ń fa ọmọ mọ́ra ju ohun gbogbo lọ. Báàfù pẹlẹbẹ, igbá, ife, ìgò ike, asẹ́ tí omi ń gba ojú rẹ̀ jò: ìwọ̀nyí tó fún odidi òwúrọ̀ kan. Ẹ fi ìwọ̀nba omi sí i, kí olùtọ́jú sì jókòó tì í láìdìde. Omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ lè pa ọmọ tí ó bá fi ojú ṣubú sínú rẹ̀, kò sì ní pariwo tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbọ́. Bí eré bá parí, kí a da omi náà nù lójú ẹsẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, kí eré omi dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti ràn dáadáa.

Yanrìn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ ọ́ kí àfọ́kù ìgò àti ìṣó má bàa wà nínú rẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ẹ sì máa fi tapólì bò ó lálaalẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ewúrẹ́, adìẹ àti ológbò yóò sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aràn yóò sì ti ibẹ̀ wọ inú ọmọ. Èlùbọ́ láfún tí a fi omi díẹ̀ pò títí ó fi le dára fún ọwọ́ kéékèèké láti máa tẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, a máa ń fi iyọ̀ púpọ̀ sí irú rẹ̀ kí ó lè pẹ́. Fún ọmọ tí yóò fi í sẹ́nu, ẹ yọ iyọ̀ náà kúrò, nítorí iyọ̀ púpọ̀ lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní oúnjẹ kò ṣeé fi ṣeré nígbà tí ọjà wọ́n, n kò ní bá a jiyàn. Kí ó wá amọ̀ tí ó mọ́.

Ẹ fi àkísà di ọmọlangidi, ẹ fi ọ̀já kéékèèké tì í. Ọmọkùnrin náà yóò fẹ́ pọ̀n ọ́n, àwọn olùtọ́jú kan a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó pọ̀n ọ́n. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe fún un ni ó rí.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ẹ gbé pẹpẹ náà wálẹ̀, kí ọmọ lè fúnra rẹ̀ mú ohun tí ó fẹ́, kí ó sì dá a padà. Ohun tí kò yẹ kí ó tó ni kí a gbé sókè: kóró àgbálùmọ̀, ọmọ ayò, ẹ̀wà, ẹ̀pà, bọ́tìnnì, ìdérí ìgò. Ohunkóhun tí ó bá lè gba inú páálí róbótó tí a ń yí tíṣù lé kọjá, ó lè há ọmọ lọ́fun. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré inú aago àti inú ohun ìṣeré tí ń kọrin burú jù gbogbo wọn lọ, nítorí ó lè jó ọ̀fun ọmọ láàrin wákàtí díẹ̀.

Ní ti àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2019 tí ó wúlò fún wa. Ó ní kí ọmọ ọdún méjì máa fi ara ṣiṣẹ́ tó wákàtí 3 lójúmọ́. Kí a má ṣe dè é mọ́ ojú kan, ìbáà ṣe lórí àga tàbí lẹ́yìn àgbà, ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sùn tó wákàtí 11 sí 14 nínú 24, oorun ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Kí wíwo tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù má sì ju wákàtí kan lọ. Ẹ wá fi èyí wé jíjókòó lórí bẹ́ǹṣì láti aago 8 títí di ọ̀sán. Eré sísá àti gígùn ni kí ó ṣáájú, kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ fífọ̀ àti ẹ̀kọ mímu, kí eré wọ́ọ́rọ́wọ́ tó tẹ̀lé e, kí oúnjẹ ọ̀sán àti oorun sì dé. Bí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú 5 ṣe nǹkan tí ó sì kúrò nídìí rẹ̀, kò burú. Bí ó bá sì fẹ́ ṣe ohun tí ó ṣe lánàá, ẹ tún un gbé kalẹ̀. Àgbà ni ohun kan náà ń sú.

Kí olùtọ́jú tó lọ sílé, kí ó kọ ti ọ̀la sínú ìwé: ohun tí a ó gbé síta, ẹni tí yóò jókòó níbo, ohun tí a ó ṣe bí òjò bá rọ̀. Fún ọjọ́ òjò, agbo oríkì ni mo fẹ́ràn jù. A ó máa ké oríkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Àlàbí, Àkànní, Àjọkẹ́, ẹni tí ó bá sì gbọ́ tirẹ̀ yóò dìde fò. Bojúbojú náà dára, bí a kò bá retí pé wọn yóò mọ òfin rẹ̀: ọmọ ọdún méjì yóò fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀, yóò sì gbà pé ẹnikẹ́ni kò rí òun mọ́. Ẹ fi Yorùbá ṣe gbogbo rẹ̀ láìbẹ̀rù. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ó ku àwọn òbí. Ìyá tí ó bá dé lọ́sàn-án ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a fi owó rẹ̀ ṣe, “wọ́n ṣeré” nìkan kò sì tó fún ìdáhùn. Kí olùtọ́jú sọ fún un pé: “Ìyá Délé, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ni gbogbo omi tí ó ń bu sínú ìgò ń dà sí. Lónìí ó bù ú títí, ó dúró, ó ní ‘ó ti kún’.” Ìyá tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kò ní béèrè ABC mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. A sì lè bẹ̀ ẹ́ nígbà náà pé kí ó bá wa kó àkísà tí ó mọ́, igbá àti ike òróró tí ó ti ṣófo wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ike tí a ti rọ oògùn oko sí rí ni kí ó má ṣe mú wá, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.