Fèrèsé Tí Ó Ń Ran Ilé Ìwòsàn Lọ́wọ́

Bí ìyá bá gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wá fún àyẹ̀wò, olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́ a máa gbé ọmọ náà súnmọ́ ojú fèrèsé. Yóò fi ìka tẹ awọ ara rẹ̀ díẹ̀, yóò wo ẹyinjú àti èrìgì rẹ̀ dáadáa. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun ni ó ń wá. Lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pupa, ojú lè ṣi àwọ̀ mú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó dára jù fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Bí ibà yìí bá le tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí ayé tàbí kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké ni wọ́n kọ́ bí ẹni pé iná mànàmáná kì í lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ wà láàrin, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì, fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ni yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án gangan, wọn a tan ẹ̀rọ amúnáwá nítorí àtiríran lásán. Epo tí ìbá wúlò fún fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń jóná báyìí, bẹ́ẹ̀ ni èéfín olóró ẹ̀rọ náà lè gba ojú fèrèsé wọlé tọ aláìsàn.

Àwọn baba ńlá wa mọ ọgbọ́n yìí: agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá tí ó ṣí sójú ọ̀run láàrin. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn ọdún 1948, kọnkéré oníhò ni wọ́n fi bo ojú ilé ìkówèésí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè wọlé láìsí pé oòrùn ń ta èèyàn lára.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tí ó wúlò kì í sábà wọ inú yàrá ju ìlọ́po méjì tàbí méjì àbọ̀ gíga orí fèrèsé lọ. Bí orí fèrèsé bá ga ní mítà 2, òkùnkùn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ní bíi mítà 5. Nítorí náà ni fèrèsé ṣe yẹ kí ó wà ní ìhà méjèèjì, kí ó kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí etí òrùlé yọ síta bò ó, kí ògiri inú sì funfun.

Dígí púpọ̀ kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ o. Nínú àwọn ilé onídígí Àbújá àti Èkó, oòrùn a máa lé àwọn òṣìṣẹ́ débi pé wọn a fa aṣọ fèrèsé dí, wọn a sì tún tan iná lọ́sàn-án! Òfin ìlò agbára nínú ilé kíkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2017 sọ pé kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú 100 ògiri lọ, àfi bí ìbòòji bá wà.

Ní alẹ́, gílóòbù LED oníwáàtì 9 ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, èyí tí ó ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí ó ń fà di ooru lásán. Iná tí ilé ìwòsàn bá rí fi pamọ́ báyìí lè gbé àtùpà aláwọ̀ búlúù tí a fi ń tọ́jú ibà pọ́njú.

Oòrùn pàápàá ti ṣe iṣẹ́ àtùpà yẹn rí. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Èkó lórí ọmọ tuntun 447, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, àwọn dókítà tẹ́ àwọn ọmọ kan sábẹ́ àgọ́ tí a fi ọ̀rá pàtàkì bò, èyí tí ó ń sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò lára ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tí ó sì ń dín ooru rẹ̀ kù. Ìtọ́jú náà gbéṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Ti àtùpà jẹ́ 90. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìyá tẹ́ ọmọ sínú oòrùn gbangba nílé: ó lè jó ọmọ lára, ó sì lè mú kí ara rẹ̀ gbóná jù. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.