Ẹ̀bi, Àìkíyèsára àti "Ẹ Pẹ̀lẹ́": Èdè Ìdájọ́ Lẹ́yìn Ìforígbárí Ọkọ̀

Bí ọkọ̀ méjì bá forí gbárí lójú pópó, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu Yorùbá ni "Ẹ pẹ̀lẹ́ o". Ẹni tí wọ́n kọlù ń sọ ọ́, ẹni tí ó kọlù ú ń sọ ọ́, ìyá ẹlẹ́kọ tí ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà náà sì ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ìyá ẹlẹ́kọ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé ẹ̀rí, ó lè di ìjẹ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì sábà ń lò fún ìbánikẹ́dùn àti fún ìtọrọ àforíjì. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti eré fún olùtúmọ̀: owó gọbọi, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wọ̀n pàápàá, ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Èrò wa ni pé kí ó túmọ̀ "ẹ pẹ̀lẹ́" bí ìbánikẹ́dùn, kí ó fi ìtọrọ àforíjì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wí pé "Ẹ má bínú, èmi ni mo ṣẹ̀".

Ìṣòro kejì jìn ju èyí lọ. Nínú èdè wa, ẹni tí ó dé iwájú adájọ́, yálà kí ó jẹ̀bi tàbí kí ó jàre. Òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé-ẹjọ́ wa jogún púpọ̀ nínú rẹ̀, rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Nínú ẹjọ́ Butterfield àti Forrester ní ọdún 1809, Forrester gbé òpó dábùú ọ̀nà ní ìlú Derby. Butterfield sáré ẹṣin pàdé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ṣubú. Kò rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé bí ó bá ti fara balẹ̀ ni, ì bá ti rí òpó náà. Ní 1842 ẹ̀wẹ̀, Davies so ẹsẹ̀ iwájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́-ẹrù Mann tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹni tí ó ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó jàre, nítorí pé ẹni tí ń da kẹ̀kẹ́ náà ì bá ti yẹra fún un bí ó bá rọra rìn. Ìgbà tí ó di 1945 ni òfin kan fàyè gbà á níbẹ̀ pé kí adájọ́ pín ẹ̀bi sáàárín àwọn méjèèjì, kí ó sì dín owó gbà-máà-bínú kù bí ó ti tọ́.

Kí ni a ó pe èyí? "Àjọjẹ̀bi" dùn létí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì gbìmọ̀ dáràn. "Ìpín ẹ̀bi" ni mo fara mọ́, nítorí a lè wí pé ìpín ẹ̀bi ti awakọ̀ kìn-ín-ní jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Bákan náà ni "àìbìkítà" kò tọ́. Ọkàn ènìyàn ni ó ń fẹ̀sùn kàn, awakọ̀ yóò sì búra pé òun bìkítà. Ìṣe ni òfin ń wò, pé ǹjẹ́ ó ṣe ohun tí oníṣọ̀ọ́ra ènìyàn ì bá ṣe? "Àìkíyèsára" ni kí a lò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rí tí kì í purọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tí táyà kò yí mọ́, ipa dúdú yóò wà lórí ọ̀dà. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, gígùn ipa náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ipa mítà 20 lórí ọ̀dà gbígbẹ, tí ìwọ̀n ìdìmú rẹ̀ jẹ́ 0.7, ń fi hàn pé ọkọ̀ náà ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó kéré tán. Bí òjò bá ti rọ̀ tí ìdìmú sì jẹ́ 0.4, ipa kan náà kò ju ti kìlómítà 45 lọ. Nítorí náà, kí a tó dárúkọ ẹlẹ́bi, kí a bèèrè bóyá òjò rọ̀. "Ìdìmú" ni mo pe agbára tí ọ̀nà fi ń di táyà mú.

"Mo wà lọ́wọ́ mi" pàápàá ń fẹ́ àlàyé: láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni ọwọ́ òsì ti di ọwọ́ ọ̀tún fún wa ní Nàìjíríà, ẹni tí ń túmọ̀ ìwé ẹjọ́ àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò tí ì sọ lórúkọ: àyè tí ó yẹ kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn fi sílẹ̀ fún èyí tí ó ṣíwájú. "Àlàfo" lásán kò tó, nítorí pé àlàfo lè kéré jù. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá ti gbọ́ orúkọ kan lẹ́nu àwọn awakọ̀ àdúgbò yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.